Àbúrò tó ń mu igbó àti tramadol, tó sì ń gbọ́ ohùn: èwo la ó kọ́kọ́ tọ́jú?

Ẹ̀gbọ́n Ọbáńtokò

Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin ará wa. Ìmọ̀ràn ni mo wá gbà. Àbúrò wa ọkùnrin, ọmọ ọdún 24, ti ń mu igbó láti ilé ẹ̀kọ́ girama, nígbà tó yá ó fi tramadol kún un. Láti bí oṣù méjì báyìí, ó ń gbọ́ ohùn àwọn tí a kò rí. Ó ní àwọn ará àdúgbò ń fi nǹkan sínú oúnjẹ òun, kì í sì í sùn lóru. Ilé kan tí wọ́n ti ń tọ́jú àwọn tó ń lo oògùn olóró ní àwọn kì í gba ẹni tó bá ń gbọ́ ohùn. Ibòmíràn tí a gbé e dé ní kó lọ jáwọ́ nínú igbó kó tó padà wá. Bàbá wa fẹ́ ká tì í mọ́ yàrá fún ọ̀sẹ̀ méjì kí nǹkan náà jáde lára rẹ̀. Màmá wa ní ilé àdúrà ló kàn. Ẹ jọ̀ọ́, èwo la ó kọ́kọ́ tọ́jú, ibo la ó sì gbé e lọ ní Abẹ́òkúta níbí?

Nọ́ọ̀sì Òkè-Ìlèwó

Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú ìrọ́jú. Ìbéèrè "èwo ni ká kọ́kọ́ tọ́jú" yìí ló ń pa ọ̀pọ̀ ẹbí lára. Méjèèjì la máa ń tọ́jú pọ̀, lásìkò kan náà, lọ́wọ́ àwọn òṣìṣẹ́ kan náà. Ìdí rẹ̀ nìyí: igbó ń mú kí ohùn náà pọ̀ sí i, ohùn náà kò jẹ́ kó sùn, nígbà tí kò bá rí oorun sùn yóò tún mu igbó tàbí kó gbé tramadol mì kí ara rẹ̀ lè balẹ̀. Bí ẹ bá tọ́jú ọ̀kan tí ẹ fi ìkejì sílẹ̀, èyí tí ẹ fi sílẹ̀ ni yóò fa aláìsàn padà. Ẹni tó ní kó lọ jáwọ́ kó tó wá ń retí kí ọpọlọ tí ara rẹ̀ kò yá ṣe iṣẹ́ tó ń le fún ọpọlọ tó dá ṣáká.

Ní ti ibi tí ẹ ó lọ, ẹ kò jìnnà sí i. Ilé ìwòsàn ọpọlọ ti ìjọba àpapọ̀ ní Àrò ní ẹ̀ka tó ń tọ́jú ìlòkulò oògùn, DATER ni wọ́n ń pè é, inú ilé ìwòsàn ọpọlọ náà ló wà. Ìyẹn ni pé dókítà ọpọlọ àti àwọn tó mọ̀ nípa oògùn olóró jọ wà lábẹ́ òrùlé kan. Bí ẹ bá débẹ̀, ẹ sọ ọ̀rọ̀ méjèèjì lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹ má fi igbó pamọ́ torí ìtìjú, ẹ má sì fi ohùn tó ń gbọ́ pamọ́ torí kí wọ́n lè gbà á.

Kí ẹ tó kúrò nílé, ẹ kọ nǹkan wọ̀nyí sórí ìwé: gbogbo ohun tó ń mu, tó ń fín tàbí tó ń gún, ẹyọ mélòó lójúmọ́, miligíráàmù mélòó ló wà lára páálí rẹ̀ (ẹ mú páálí náà dání bí ẹ bá rí i), ọjọ́ àti aago tó lò ó kẹ́yìn, bóyá gìrì ti gbé e rí, àgbo tàbí oògùn kẹ́místì tí ẹ ti fún un, àti ẹni tó ti ní àìsàn ọpọlọ rí nínú ìdílé. Kókó mìíràn tí dókítà yóò fẹ́ mọ̀ gan-an: ǹjẹ́ ìgbà kan wà tí kò mu ohunkóhun fún oṣù kan tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, ṣé ohùn náà sì wà nígbà náà?

Ní ọjọ́ àkọ́kọ́, ẹ rí i dájú pé wọ́n wo gbogbo ara rẹ̀: ìgbóná ara, ibà, ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀, ọgbẹ́ orí. Bí kò bá mọ ọjọ́ tí a wà tàbí ibi tó wà, tó ń rí nǹkan ju bó ṣe ń gbọ́ lọ, tí orí rẹ̀ ń já gaara fún wákàtí kan tó tún dàrú ní wákàtí kejì, tí ara rẹ̀ gbóná tàbí tó ń làágùn, pàjáwìrì ara ni ìyẹn, ẹ kò gbọdọ̀ dúró di ọjọ́ kejì.

Bàbá Ìjàyè

Ẹ má bínú o, nọ́ọ̀sì, n kò fara mọ́ ọn pátápátá. Igbó ló ń ṣe ọmọ yẹn. Ẹ tì í mọ́lé, ẹ fún un lóúnjẹ dáadáa, ẹ má jẹ́ kí ọ̀rẹ́ kankan yọjú. Bí èéfín yẹn bá ti kúrò lójú rẹ̀, ohùn náà yóò dákẹ́. Ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ ló rí bẹ́ẹ̀. Bí ẹ bá ti gbé e dé Àrò, orúkọ yóò mọ́ ọn lára títí ayé.

Apòògùn Pánṣẹ́kẹ́

Bàbá, ẹ ṣeun. Òótọ́ wà nínú apá kan ọ̀rọ̀ yín: ohùn tí igbó fà lásán máa ń lọ, ọ̀pọ̀ ìgbà láàárín ọjọ́ díẹ̀ sí ọ̀sẹ̀ mélòó kan lẹ́yìn tí èèyàn jáwọ́. Bó bá jẹ́ igbó nìkan ni ọmọ náà ń mu, àìmu rẹ̀ kò lè pa á. Inú yóò máa bí i, oúnjẹ kò ní wù ú jẹ, kò ní rí oorun sùn, ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ ló máa ń le jù. Ṣùgbọ́n Ẹ̀gbọ́n ní tramadol wà níbẹ̀, ẹ kò sì tíì mọ ohun mìíràn tó ń mu. Ibi tí ìtìmọ́lé ti ń di ikú nìyẹn.

Ẹ jẹ́ kí n tò ó bí ó ṣe ń rí. Tramadol: láàárín ọjọ́ kan sí méjì lẹ́yìn èyí tó mì kẹ́yìn, imú á máa ṣomi, òógùn á bò ó, inú á máa lọ́ ọ, egungun á máa ro ó, yóò máa rìn káàkiri yàrá. Àwọn kan tún máa ń ní ìpayà tó le, wọ́n á sì máa gbọ́ tàbí rí ohun tí kò sí, torí pé ọ̀nà méjì ni tramadol ń gbà ṣiṣẹ́ nínú ọpọlọ. Ẹbí á rò pé àìsàn ọpọlọ ló tún gbóná sí i. Ohun tí dókítà ń kọ fún ìrora ni 50 tàbí 100 miligíráàmù lẹ́ẹ̀kan, kò sì gbọdọ̀ kọjá 400 lójúmọ́. Èyí tí wọ́n ń tà lábẹ́lẹ̀ jẹ́ 200, 225 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, ẹlòmíràn á sì gbé mẹ́ta mì pọ̀. Nígbà tó bá ń mu ún lọ́wọ́ gan-an, gìrì lè gbé e.

Ọtí: ẹni tó ń mu ògógóró tàbí páràga lójoojúmọ́ tó wá dáwọ́ dúró lójijì, ọwọ́ rẹ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n láàárín wákàtí 6 sí 24. Gìrì lè dé láàárín ọjọ́ méjì àkọ́kọ́. Láàárín ọjọ́ kejì sí ìkẹrin ni ìdàrúdàpọ̀ ńlá máa ń dé: ara gbígbóná, ọkàn tó ń sáré, rírí kòkòrò lára ògiri. Ìyẹn ń pa èèyàn. Ní ilé ìwòsàn, diazepam ni wọ́n fi ń gbà á sílẹ̀, wọ́n á máa dín in kù díẹ̀díẹ̀, wọ́n á sì fún un ní fítámì B1 kí wọ́n tó fa omi ṣúgà sí i lára. Bí wọ́n bá fa omi ṣúgà ṣáájú fítámì náà, ọpọlọ lè bàjẹ́ sí i.

Rohypnol, tí àwọn ọmọ àdúgbò ń pè ní róṣè, àti diazepam tí wọ́n ń rà fúnra wọn: bí ti ọtí ló rí. Ẹ kò gbọdọ̀ gbà á lọ́wọ́ rẹ̀ lójijì.

Nítorí náà, kí ẹ tó sọ pé ẹ ó tì í mọ́lé, ẹ kọ́kọ́ mọ ohun tó wà nínú rẹ̀.

Ẹ̀gbọ́n Ọbáńtokò

Ẹ ṣeun, ẹ̀yin àgbà. Mo ti bi í léèrè pẹ̀lẹ́. Ó ní òun ń mu páràga ní ìrọ̀lẹ́, òun sì ń lo róṣè bí òun bá rí i, kì í ṣe ojoojúmọ́. Mo gbàgbé láti sọ pé ilé ìwòsàn kan ti fún un ní haloperidol, oògùn àìsàn ọpọlọ, àti Artane tẹ́lẹ̀. Ní ọjọ́ kejì, ọrùn rẹ̀ yí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ojú rẹ̀ gbé sókè, ahọ́n rẹ̀ wúwo. Màmá wa ní wọ́n ti fi nǹkan ṣe é, a dá oògùn náà dúró. Ṣùgbọ́n ó ṣì ń bèèrè Artane, ó sì ń rà á fúnra rẹ̀.

Apòògùn Pánṣẹ́kẹ́

Ẹ jẹ́ kí n mú ọ̀rọ̀ ọrùn yẹn ní pàtàkì, torí ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ti ń sá fún oògùn. Kò sẹ́ni tó ṣe é. Haloperidol ló máa ń fa kí iṣan ọrùn, ojú àti ahọ́n le báyìí, láàárín wákàtí mélòó kan sí ọjọ́ mélòó kan tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ rẹ̀, àwọn ọ̀dọ́mọkùnrin ló sì ń ṣe jù. Abẹ́rẹ́ kan ní ilé ìwòsàn ń tú u sílẹ̀ láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀. Bí ó bá dé ọ̀nà ọ̀fun tí kò lè mí tàbí gbé itọ́ mì dáadáa, kí ẹ sáré. Ẹ sọ fún dókítà pé ó ṣẹlẹ̀, kí wọ́n kọ ọ́ sára káàdì rẹ̀. Oògùn mìíràn wà tí kì í sábà ṣe bẹ́ẹ̀, bí olanzapine.

Artane ńkọ́? Nítorí ọrùn líle yẹn ni wọ́n ṣe ń fi í kún haloperidol, ṣùgbọ́n àwọn ọ̀dọ́ ti mọ̀ pé bí wọ́n bá gbé púpọ̀ mì, orí á fò lọ. Èyí tó pọ̀ jù á gbẹ ẹnu, á mú kí ọmọ ojú fẹ̀, kò ní jẹ́ kó lè tọ̀, á sì dà á lọ́kàn rú débi pé yóò máa bá ẹni tí kò sí níbẹ̀ sọ̀rọ̀. Dókítà tí kò mọ̀ á rò pé àìsàn náà ló pọ̀ sí i, á fi haloperidol kún un. Ẹ dárúkọ Artane mọ́ àwọn ohun tó ń lò, bí ẹ ṣe dárúkọ igbó. Nílé, kí ẹnì kan ṣoṣo máa tọ́jú gbogbo oògùn, kí ó máa fún un ní ìwọ̀n ojúmọ́ kan, kò gbọdọ̀ mú páálí lọ́wọ́.

Kókó kan tí wọn kì í sọ fún ẹbí: èéfín, ìbáà ṣe sìgá tàbí igbó, máa ń mú kí ẹ̀dọ̀ tètè jó olanzapine àti clozapine, tí òun náà jẹ́ oògùn orí, dànù. Bó bá dáwọ́ mímu dúró nínú wọ́ọ̀dù, ìwọ̀n tó ń gbà tẹ́lẹ̀ lè wá pọ̀ jù fún un láàárín ọ̀sẹ̀ kan, yóò máa sùn ṣáá. Bó bá délé tó tún bẹ̀rẹ̀, ìwọ̀n náà yóò kéré. Ẹ jẹ́ kí dókítà mọ ìyípadà náà kí wọ́n lè tún ìwọ̀n rẹ̀ ṣe.

Ẹ má sì ra oògùn ìbànújẹ́ ọkàn fún un ní kẹ́místì. Fluoxetine, sertraline, amitriptyline, bí ó bá pàdé tramadol nínú ara, gìrì lè dé, ara lè gbóná kó máa gbọ̀n, iṣan á le.

Ìyá Ìtòkú

Ẹ̀yin ọmọ mi, ẹ pẹ̀lẹ́ o. Gbogbo òyìnbó tí ẹ ń sọ yìí dára, ṣùgbọ́n kí òyìnbó tó dé ni a ti ń tọ́jú orí. Asofẹ́yẹjẹ wà. Ẹ lọ bá àwọn tó mọ̀ ọ́n ní ọjà Ìtòkú, ẹ sè é fún un, yóò sùn, ara rẹ̀ yóò balẹ̀.

Nọ́ọ̀sì Òkè-Ìlèwó

Màmá, ẹ kú àánú ọmọ. Irọ́ kọ́ ni ọ̀rọ̀ asofẹ́yẹjẹ o. Èròjà kan wà nínú gbòǹgbò rẹ̀ tí wọ́n ń pè ní reserpine, àwọn dókítà náà ti lò ó rí fún àìsàn ọpọlọ àti fún ẹ̀jẹ̀ ríru. Ìdí tó fi ń mú èèyàn sùn nìyẹn. Ibi tí ẹ̀rù ti ń bà mí ni pé kò sẹ́ni tó mọ iye tó wà nínú ife kan. Ó ń já ẹ̀jẹ̀ ríru wálẹ̀. Bí ó bá pàdé oògùn orí bíi Largactil tàbí olanzapine, tí páràga tún wà nínú rẹ̀, ọmọ náà lè dìde lórí ẹní kó ṣubú lulẹ̀ kó fọ́ orí. Bí ó bá pẹ́ lára, ó ń fa ìbànújẹ́ ọkàn tó jinlẹ̀, ọmọ tó ti ń sọ pé wọ́n fẹ́ pa òun kò sì yẹ kó tún bọ́ sínú ìyẹn.

Bí ẹ bá ti fún un ná, ẹ má bẹ̀rù láti sọ ọ́. Ní Àrò gan-an, nígbà tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Thomas Adéoyè Lambo bẹ̀rẹ̀ ìtọ́jú abúlé ní ọdún 1954, ó pe àwọn onísègùn ìbílẹ̀ mọ́ra, àwọn aláìsàn sì ń gbé pẹ̀lú ẹbí wọn ní àwọn abúlé tó yí ilé ìwòsàn ká, wọ́n ń wá gba ìtọ́jú lójúmọ́. Nítorí náà, dókítà tó gbọ́ pé ẹ ti fún un ní àgbo kò ní lé yín. Àìsọ ló léwu.

Ní ti ilé àdúrà, Ẹ̀gbọ́n, ẹ má bá Màmá jà. Ẹ bẹ̀ wọ́n pé nǹkan mẹ́ta ni kò gbọdọ̀ ṣẹlẹ̀ níbẹ̀: kí wọ́n má dè é, kí wọ́n má ní kó gbààwẹ̀ aláìmumi, kí wọ́n má dá oògùn rẹ̀ dúró. Bí wọ́n bá gba mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, kí wọ́n máa gbàdúrà.

Òṣìṣẹ́ Àwùjọ Adátán

Ẹ jẹ́ kí n fi ọ̀rọ̀ ibi tí a ń gbé èèyàn lọ kún un. Yàtọ̀ sí Àrò, FMC Ìdí-Abà, ilé ìwòsàn ìjọba àpapọ̀, wà fún pàjáwìrì ara: bí gìrì bá gbé e, bí kò bá lè jí, bí ó bá mu nǹkan jù. Ẹ má gbé ẹni tí gìrì ń gbé kọjá ilé ìwòsàn tó sún mọ́ yín torí pé ẹ ń lọ sí Àrò.

NDLEA, àjọ tó ń gbógun ti oògùn olóró, ní nọ́ńbà ọ̀fẹ́ tó ń ṣiṣẹ́ tọ̀sán tòru, 0800 1020 3040. Ọ̀pọ̀ ń bẹ̀rù pé bí àwọn bá pè, wọ́n á wá mú ọmọ àwọn. Ìmọ̀ràn ni nọ́ńbà náà wà fún, èèyàn lè bá wọn sọ̀rọ̀ kó sì bèèrè ibi ìtọ́jú.

Bí ẹ bá fẹ́ ilé ìtọ́jú aládàáni, ẹ bèèrè kí ẹ tó sanwó: Dókítà ọpọlọ wo ló ń wá síbẹ̀, ọjọ́ mélòó lọ́sẹ̀? Nọ́ọ̀sì wà lóru bí? Ta ló ń fún wọn ní oògùn, ṣé wọ́n ń kọ ọ́ sílẹ̀? Kí ni wọ́n ń ṣe bí gìrì bá gbé ẹnì kan? Ṣé ẹbí lè wá wò ó? Ìgbà tí ó bá jáde, ta ni yóò máa rí i? Bí wọ́n bá ní "ẹ má yọjú fún oṣù mẹ́ta", tàbí tí ẹ bá rí ṣẹkẹ́ṣẹkẹ̀ lẹ́sẹ̀ ẹnikẹ́ni, ẹ yípadà. Òfin ìlera ọpọlọ tí Ààrẹ fọwọ́ sí ní oṣù kìíní ọdún 2023 ti gba ipò òfin àtijọ́ tó ń pe aláìsàn ní orúkọ burúkú, ẹ̀tọ́ aláìsàn sì wà nínú rẹ̀.

Ẹ bèèrè òṣìṣẹ́ ìgbáyégbádùn ní ilé ìwòsàn ìjọba bí owó bá jẹ́ ìṣòro. Ẹ má dúró títí gbèsè á fi kó jọ kí ẹ tó sọ.

Ọmọ Láfẹ́nwá

Mo fẹ́ fi kún un pé ọjọ́ tó bá mu igbó tàbí ọtí, kí ẹ má fún un ní oògùn rẹ̀ o. Méjèèjì á jà nínú ara rẹ̀.

Apòògùn Pánṣẹ́kẹ́

Rárá o, arákùnrin, ẹ jọ̀ọ́. Ọ̀rọ̀ yìí ti ba ìtọ́jú ọ̀pọ̀ jẹ́. Ọjọ́ tó mu igbó gan-an ló nílò oògùn orí rẹ̀ jù. Bí ẹ bá ní kó fo ọjọ́ kọ̀ọ̀kan tó bá mu ún, ẹni tó ń mu ún lẹ́ẹ̀mẹrin lọ́sẹ̀ yóò lo oògùn fún ọjọ́ mẹ́ta péré, ohùn náà kò sì ní lọ láéláé. Ìyàtọ̀ kan ló wà: bí ó bá ti mu ọtí, róṣè tàbí tramadol púpọ̀ débi tó ń tòògbé, tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ ń wọ́, ẹ dáwọ́ oògùn tó ń múni sùn dúró fún wákàtí yẹn, ẹ pe ilé ìwòsàn, ẹ má jẹ́ kó dá sùn.

Fún ẹni tó máa ń gbàgbé tàbí tó ń tu oògùn dànù, abẹ́rẹ́ ọlọ́jọ́ gígùn wà, bí fluphenazine decanoate tí wọ́n ń pè ní Modecate, tí wọ́n ń gún ní ọ̀sẹ̀ 2 sí 4. Ó dára, ṣùgbọ́n fún àbúrò yìí, n kò ní fẹ́ kí wọ́n sáré gún un. Ẹni tí ọrùn rẹ̀ ti yí lórí haloperidol lè rí irú rẹ̀ lórí Modecate, abẹ́rẹ́ kò sì ṣeé yọ padà lára bí a ti ń dá oníhóró dúró. Kí wọ́n kọ́kọ́ fi oníhóró dán ara rẹ̀ wò.

Olùdámọ̀ràn Kútọ̀

Oògùn ti pọ̀ nínú ìjíròrò yìí, ẹ jẹ́ ká sọ ti ẹnu. Àbúrò yín kò tíì sọ pé òun fẹ́ jáwọ́. Ẹni tí kò tíì fẹ́, ìwàásù kò ní mú un fẹ́. Ẹ bi í pé: "Kí ni igbó ń ṣe fún ọ?" Ẹ dákẹ́, ẹ gbọ́. Ó lè ní ó ń mú ohùn náà rọlẹ̀ fún ìgbà díẹ̀, tàbí pé òun fi ń sùn. Lẹ́yìn náà, ẹ bi í pé: "Ní ọjọ́ kejì ńkọ́?" Bí ó bá fẹnu ara rẹ̀ sọ pé ohùn náà máa ń pọ̀ sí i ní ọjọ́ kejì, ọ̀rọ̀ yẹn tó ìwàásù ogún. Ẹ rántí rẹ̀, kí ẹ sì dá a padà fún un ní ọ̀nà tó sọ ọ́.

Ní ti ohùn àti ẹ̀sùn oúnjẹ, ẹ má sọ pé irọ́ ni, ẹ má sì gbà pé òótọ́ ni. "Mo rí i pé ẹ̀rù ń bà ọ́. Èmi kò gbọ́ ọ. Jẹ́ ká jọ jẹun nínú àwo kan." Ó tó.

Bí kò bá tíì ṣetán láti jáwọ́, ẹ ṣì lè dín ewu kù. Kó má da tramadol pọ̀ mọ́ ọtí tàbí róṣè. Kó má gun ọ̀kadà nígbà tó bá ti mu ún. Kó má dá mu ún ní yàrá tó ti ìlẹ̀kùn. Kó máa lo oògùn rẹ̀ lójoojúmọ́, ohun yòówù kó mu, àyàfi bó bá ti ń tòògbé bí Apòògùn ṣe sọ. Mo mọ̀ pé àwọn kan á ní mo ń gba ọmọ láyè láti mu igbó. Ọmọ tó wà láàyè, tó ń wá sí kíníkì, ni a lè bá sọ̀rọ̀ lóṣù tó ń bọ̀.

Owó: ẹ má fi owó lé e lọ́wọ́. Ẹ san owó onígbàjámọ̀, ẹ ra bàtà, ẹ fi káàdì ránṣẹ́ sórí fóònù rẹ̀.

Bàbá Ìjàyè

Mo gbọ́ ti ọtí àti róṣè, ẹ má tì í mọ́lé mọ́. Ṣùgbọ́n báwo lẹ ó ṣe mọ̀ pé kò mu ún mọ́? Wọ́n ń ta nǹkan àyẹ̀wò ìtọ̀ yẹn ní ilé oògùn. Ẹ máa ṣe é fún un ní ọ̀sẹ̀ọ̀sẹ̀.

Apòògùn Pánṣẹ́kẹ́

Bàbá, ó wúlò bí ẹ bá mọ ohun tó lè sọ àti ohun tí kò lè sọ. Pátákó àyẹ̀wò tó ń wá kodíìn àti mọ́fíìnì kì í rí tramadol. Ẹ gbọ́dọ̀ ra èyí tí wọ́n kọ tramadol sí lára, kódà òun náà kì í rí i mọ́ lẹ́yìn ọjọ́ mélòó kan. Igbó ní tirẹ̀ ń pẹ́: ẹni tó ń mu ún lójoojúmọ́ lè fi hàn fún oṣù kan tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ lẹ́yìn tó ti jáwọ́ lóòótọ́. Bí ẹ bá nà án torí ìlà kan ní ọ̀sẹ̀ kẹta, ẹ ti fìyà jẹ ẹni tó ń gbìyànjú. Kólórádó tí wọ́n fi kẹ́míkà ṣe kì í sì í hàn lórí àyẹ̀wò igbó rárá, àwọn ọmọ mọ̀ bẹ́ẹ̀, àwọn mìíràn á sì yí padà sí i torí pé wọ́n ń yẹ̀ wọ́n wò. Ó burú fún ọpọlọ ju igbó lásán lọ. Ẹ fi àyẹ̀wò sílẹ̀ fún kíníkì.

Ẹ̀gbọ́n Ọbáńtokò

Bàbá wa ti gbà, a ń gbé e lọ sí Àrò. Ìbéèrè kan ló kù: bí wọ́n bá gbà á sí wọ́ọ̀dù tó sì jáde, kí la ó máa ṣọ́?

Nọ́ọ̀sì Òkè-Ìlèwó

Ìbéèrè gidi nìyẹn. Nígbà tó bá wà ní wọ́ọ̀dù, ẹ máa yọjú, kí wọ́n sì jókòó tì yín sọ ètò tí ẹ ó gbé lọ sílé. Ẹ má gbà kí wọ́n dá a sílẹ̀ láìsí ọjọ́ kíníkì tí wọ́n kọ sílẹ̀, kó má sì jìnnà. Ohùn náà lè dákẹ́ kí oṣù tó pé. Ẹ má dá oògùn dúró torí ìyẹn. Bí ó bá ti ju oṣù kan lọ tí kò mu ohunkóhun, tí ohùn náà ṣì wà, a jẹ́ pé àìsàn ọpọlọ náà wà lọ́tọ̀, kì í ṣe oògùn olóró nìkan ló ń fà á, ìtọ́jú á sì pẹ́ sí i.

Ọ̀sẹ̀ mélòó kan àkọ́kọ́ lẹ́yìn tó jáde ló léwu jù. Ara rẹ̀ ti gbàgbé tramadol. Iye tó ń mu láìsí nǹkan kan tẹ́lẹ̀ lè pa á báyìí. Ẹ sọ ọ́ fún un lójúkojú, pẹ̀lú ìfẹ́, kó tó jáde. Kí ẹ sì máa ṣọ́ oorun: bí kò bá sùn fún òru méjì léra wọn, ẹ má dúró di ọjọ́ kíníkì. Bó bá tún bẹ̀rẹ̀ sí í yẹ oúnjẹ wò, tó ti ara rẹ̀ mọ́lé, tó ń pín nǹkan ìní rẹ̀ tàbí tó ń sọ pé ayé sú òun, ẹ bi í tààrà bóyá ó ń rò ó láti pa ara rẹ̀. Bíbèèrè kì í fi í sí i lọ́kàn. Ẹ kó oògùn àti oró ẹ̀kúté kúrò nílé.

Bó bá tún mu ún lẹ́ẹ̀kan, ẹ gbé e padà sí kíníkì lọ́sẹ̀ yẹn. Ẹ má lé e jáde.

Òṣìṣẹ́ Àwùjọ Adátán

Ẹ jẹ́ kí n fi kíní kan kún un fún gbogbo ilé tí tramadol wà. Bí ẹ bá bá a nílẹ̀ tí kò dáhùn, tó ń mí lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan tàbí tó ń hanrun bí ẹni tí nǹkan há lọ́fun, tí ètè rẹ̀ ń dúdú: ẹ pariwo orúkọ rẹ̀, ẹ fi ìka ọwọ́ yín tó ká kò rin àárín àyà rẹ̀. Bí kò bá jí, ẹ dà á sí ẹ̀gbẹ́ òsì, ẹ gbé àgbọ̀n rẹ̀ sókè kí ọ̀nà ọ̀fun lè ṣí, ẹ máa wo èémí rẹ̀, kí ẹlòmíràn wá ọkọ̀. Ẹ má da epo pupa tàbí mílíìkì sí i lẹ́nu, yóò gba ọ̀nà ẹ̀dọ̀fóró lọ. Ẹ má bù omi tútù lé e lórí. Bí gìrì bá gbé e, ẹ má fi ṣíbí sí i lẹ́nu, ẹ ṣí ohun líle kúrò níbi orí rẹ̀, ẹ wo aago: bó bá kọjá ìṣẹ́jú 5, tàbí tó tún gbé e láìtíì jí, ẹ má dúró kó parí, ẹ máa gbé e lọ; bó bá sì ti parí, ẹ ṣì gbé e lọ kí wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò.

Ilé ìwòsàn ní oògùn kan, naloxone, tó ń já irú oògùn bẹ́ẹ̀ kúrò lára. Bí ẹ bá dé, ẹ sọ fún wọn pé tramadol ni, torí pé naloxone kì í já gbogbo iṣẹ́ tramadol, gìrì sì ṣì lè tẹ̀ lé e. Ẹ sọ iye tó mu, aago tó mu ún, àti bóyá ọtí tàbí róṣè wà pẹ̀lú rẹ̀.